Báǹdì Ilé-Ìwé ní Dubai àti Sharjah: Ìtàn Tí Olùkọ́ Orin Tuntun Gbọ́dọ̀ Mọ̀

Olùkọ́ orin tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ilé-ìwé kan ní Dubai tàbí Sharjah lè bá yàrá orin, fèrè, ìlù àti orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sábà kó lé e lọ́wọ́ ni ìtàn bí orin àjọṣe ṣe gbilẹ̀ ní ìlú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ìtàn yìí gan-an ni ó ń pinnu ohun tí báǹdì lè ṣe níbẹ̀ àti ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lè yọ̀. Báǹdì ilé-ìwé ni ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jọ ń fọn fèrè, tí wọ́n jọ ń lu ìlù lábẹ́ ìdarí olùkọ́ kan. Ní etí òkun tí Dubai àti Sharjah wà, orísun mẹ́ta ni ó ti ṣàn wá: orin àwọn atukọ̀ àti àwọn darandaran tí wọ́n ni ilẹ̀ náà, orin àwọn ọmọ ogun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó jọ síbẹ̀, àti orin tí àwọn àjèjì tí iṣẹ́ ajé gbé débẹ̀ fi ń tọ́ àwọn ọmọ wọn. Bí orísun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yàtọ̀ síra tó, ohun kan ṣoṣo ni ó mú kí orin wọn pẹ́: ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n ń kọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́ gan-an, ìmọ̀ kò sì sí níkàáwọ́ ẹnì kan péré. Olùkọ́ tí ó bá fi ìlànà yìí ṣe ìpìlẹ̀ ni báǹdì rẹ̀ yóò dúró.

Orin etí òkun ṣáájú ilé-ìwé

Kí epo rọ̀bì tó di orísun ọrọ̀, òwò péálì, ìyẹn ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye tí àwọn òmùwẹ̀ ń wá nínú ìkarahun ní ìsàlẹ̀ òkun, ni ó ń bọ́ Dubai àti Sharjah. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti nǹkan bí oṣù Kẹfà títí di oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọkọ̀ a máa wà lójú agbami, àwọn ọkọ̀ tí ó tóbi a sì máa gbé akọrin kan dání tí wọ́n ń pè ní nahham. Iṣẹ́ nahham ni láti lé orin fún àwọn tí ń tu àjẹ̀, àwọn tí ń ta ìgbòkun àti àwọn tí ń fa ìdákọ̀ró, kí agbára gbogbo wọn lè papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń lé, wọ́n ń gbè, ìlù àti àtẹ́wọ́ sì ń tì í lẹ́yìn. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń jókòó kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́tọ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá ń tu àjẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nahham ní ọdún dé ọdún ni yóò gba orin náà sétí, tí yóò sì di aṣáájú lọ́jọ́ iwájú. Nígbà tí péálì tí àwọn ará Japan kọ́ bí a ṣe ń sìn, pẹ̀lú ìdààmú ọrọ̀-ajé àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1929, wó òwò yìí lulẹ̀, àwọn ọkọ̀ náà dúró sí èbúté, ṣùgbọ́n orin wọn kò bá wọn dúró, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yà orin kejì tí olùkọ́ ọmọ Áfíríkà yóò tètè dá mọ̀ ni liwa. Àwọn tí baba ńlá wọn ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà wá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹrú tí wọ́n kó gba orí òkun, ni wọ́n mú un débẹ̀: fèrè kan tí ohùn rẹ̀ mú gan-an ni ó ń ṣáájú, àwọn ìlù oríṣiríṣi a máa tẹ̀ lé e, àwọn oníjó a sì máa yí wọn po, ọ̀rọ̀ èdè Swahili ṣì ń dún nínú àwọn orin náà títí di òní. Ẹ̀yà kẹta ni al-ayyala, èyí tí àjọ UNESCO kọ sínú àkójọ àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú ní 2014, ní orúkọ orílẹ̀-èdè àwọn Ẹ́míréètì, tí Dubai àti Sharjah wà nínú rẹ̀, àti ti Oman. Nínú rẹ̀, ọ̀wọ́ àwọn ọkùnrin méjì a dúró dojú kọ ara wọn, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹni tí ó di ọ̀kọ̀ tàbí idà mú, wọ́n a máa kéwì, wọ́n a sì máa mi orí àti ọ̀pá wọn ní ìbámu pẹ̀lú ìlù, nígbà tí àwọn onílù ńlá àti kékeré pẹ̀lú àwọn tí ń lu aro idẹ wà láàárín wọn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹni tí ó ń darí al-ayyala sábà máa ń jogún ipò náà, ojúṣe rẹ̀ sì ni láti kọ́ àwọn yòókù, àtọmọdé àtàgbà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ipò olùkọ́ orin ti wà ní etí òkun náà tipẹ́ kí ilé-ìwé kankan tó gba olùkọ́ orin síṣẹ́.

Fèrè alápò àti ìtò àwọn ọmọ ogun

Láti 1820, nígbà tí àwọn ọba etí òkun náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ojú omi pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí dá sí ètò ààbò ibẹ̀. Ní 1951, wọ́n kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan jọ sí Sharjah tí wọ́n pè ní Trucial Oman Levies, orúkọ rẹ̀ yí padà sí Trucial Oman Scouts ní 1956, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì dá iṣẹ́ ọlọ́pàá Dubai sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun yìí ní báǹdì tí ń fọn fèrè alápò, ìyẹn fèrè tí a ń fi apá fún àpò atẹ́gùn rẹ̀ kí ohùn má baà já, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ọmọ ogun Scotland. Fèrè náà kò ṣàjèjì rárá sí àwọn ará ìlú, nítorí pé àwọn ènìyàn tí wọ́n ti èbúté Páṣíà rékọjá wá ti ń fọn habban, fèrè alápò tí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ ṣe, níbi ìgbéyàwó àti àríyá. Ìdí nìyí tí fèrè alápò fi rọrùn láti gbà, tí báǹdì ọlọ́pàá Dubai àti ti Sharjah sì ń fọn ọ́n níbi ayẹyẹ ìlú títí di òní, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń wò wọ́n.

Ohun tí báǹdì ọmọ ogun fi kún orin ìlú ni ìtò. Níbẹ̀, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀, olórí náà ni ó ń yẹ ohun èlò àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, òun náà ni ó ń bá wọn dá ìpín tiwọn wò kí gbogbo báǹdì tó pé jọ; orin tí wọ́n mọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n dé ibi pé bí ẹnì kan bá kúrò, ẹlòmíràn yóò bọ́ sí àyè rẹ̀ láìdá ìrìn dúró. Olùkọ́ tuntun tí ó ń fi gbogbo wákàtí ìdánrawò rẹ̀ kọ́ ọ̀wọ́ kan nígbà tí àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ yóò rí àǹfààní ńlá nínú ètò yìí, nítorí pé olórí ọ̀wọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí a ti kọ́ dáadáa lè ṣe lọ́sẹ̀ kan ohun tí olùkọ́ kan kò lè ṣe ní oṣù kan.

Àwọn ilé-ìwé àti orin tí wọ́n gbé wá

Ilé-ìwé Al Ahmadiya, tí oníṣòwò péálì kan, Sheikh Ahmed bin Dalmouk, dá sílẹ̀ ní Deira ní Dubai ní 1912, fi Kùránì, èdè Lárúbáwá, ọ̀nà ìkọ̀wé àti ìṣirò ṣe òpó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí kò ka kíké Kùránì sí orin, olùkọ́ orin kò sì gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ láéláé. Síbẹ̀, ọmọ tí ó ti mọ bí a ṣe ń fetí sí ohùn olùkọ́, tí a ń dá a padà láìyingin, tí a ń mọ ibi tí èémí ti yẹ kí ó dúró, ti ní etí àti sùúrù tí ẹ̀kọ́ orin nílò. Ní Sharjah, ilé-ìwé Al Qasimia bẹ̀rẹ̀ ní 1953 gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwé ìgbàlódé àkọ́kọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Kuwait, àwọn olùkọ́ láti àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá mìíràn sì ń wá lẹ́yìn náà, tí wọ́n ń mú ìwé, eré orí ìtàgé àti orin ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tiwọn dání.

Àwọn àjèjì tí òwò àti epo rọ̀bì ń fà wá kò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó dá ilé-ìwé sílẹ̀. Indian High School bẹ̀rẹ̀ ní Dubai ní 1961, Dubai English Speaking School ní 1963, American School of Dubai ní 1966, ọdún tí wọ́n rí epo rọ̀bì ní Dubai gan-an, Our Own English High School àti St. Mary's ní 1968. Ní Sharjah, Sharjah English School bẹ̀rẹ̀ ní 1974, ilé-ìwé Choueifat sì dé ní 1976. Ìlànà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà orin tirẹ̀. Ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ń fi fèrè kékeré tí a ń pè ní rìkọ́dà bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọdé, ó sì gbára lé ìdánwò ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti ìpele 1 dé ìpele 8, lábẹ́ àwọn àjọ bíi ABRSM, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1889. Ìlànà Amẹ́ríkà ka báǹdì sí iṣẹ́ kíláàsì, tí gbogbo ọmọ ń kọ́ pọ̀ láti ọjọ́ kìíní pẹ̀lú ìwé kan náà. Ìlànà Íńdíà fẹ́ràn báǹdì tí ń yan ní ọjọ́ àjọ̀dún, ó sì fi tabla, ìlù méjì tí a ń fi ọwọ́ lù pọ̀, àti harmonium, dùùrù kékeré tí a ń fi ọwọ́ fẹ́, kún un. Kí olùkọ́ tuntun tó yan orin kankan, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó béèrè ni irú ìlànà tí ilé-ìwé rẹ̀ ń tẹ̀ lé, nítorí pé òbí tí ń retí ìwé-ẹ̀rí ìpele kò ní fi ayọ̀ gba báǹdì tí ń yan, òbí tí ń retí ìyan ní pápá kò sì ní ka ìpele sí. Ó tún yẹ kí ó mọ àjọ tí ń bójú tó ilé-ìwé aládàáni: KHDA ni ti Dubai láti 2006, SPEA ni ti Sharjah láti 2018, àwọn àjọ méjèèjì kì í sì fi ojú kékeré wo ìwé-ẹ̀rí àti ìwé ìfọwọ́sí olùkọ́.

Orin orílẹ̀-èdè àti kàlẹ́ńdà

Nígbà tí àwọn Ẹ́míréètì para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan ní ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, 1971, Mohammed Abdel Wahab, olórin ńlá ọmọ Íjíbítì tí ó ti kọ orin orílẹ̀-èdè Líbíà tẹ́lẹ̀, ni ó kọ ohùn orin orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí akéwì Arif Al Sheikh kọ ní 1986, ni ìjọba gbà wọlé ní 1996, èyí tí ó fi hàn pé fún ọdún púpọ̀, ohùn fèrè àti ìlù ni ó gbé orin náà ró ju ohùn ẹnu lọ. Orin yìí ni àwọn ọmọ ń dúró fún nígbà tí wọ́n bá tò ní àárọ̀, òun náà sì ni olórí orin ní Ọjọ́ Orílẹ̀-Èdè. Ilé-ìwé onílànà Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà a máa wọlé ní ìparí oṣù Kẹjọ, nítorí náà oṣù mẹ́ta péré ni olùkọ́ tuntun ní kí gbogbo ìlú tó wá gbọ́ báǹdì rẹ̀. Nínú àwọn ilé-ìwé onílànà Íńdíà, tí ọdún wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn a máa gé ẹ̀kọ́ àwọn olùbẹ̀rẹ̀ sí méjì, àwọn ọmọ a sì gbàgbé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́. Nítorí náà, ọgbọ́n wà nínú kí ohùn ẹnu àti ìlù gba iṣẹ́ orin orílẹ̀-èdè ní ọdún àkọ́kọ́, kí àwọn tí ó ti gbóná nínú fèrè fọn ohùn orin, kí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ sì fọn kìkì àwọn ohùn mélòó kan tí wọ́n ti mọ̀ dáadáa, nítorí orin tí kò yọrí ní ojú òbí àti àlejò ńlá ń ba orúkọ báǹdì jẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Kàlẹ́ńdà tún ní àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Láti oṣù Kìíní 2022, ìdajì ọjọ́ ni ọjọ́ Ẹtì ní Dubai, nígbà tí Sharjah fi Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú ṣe ọjọ́ ìsinmi, tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin ni ilé-ìwé ń ṣí níbẹ̀ lọ́sẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kan tí ó sì ń gbé ní èkejì, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, gbọ́dọ̀ to ìdánrawò rẹ̀ mọ́ èyí. Oṣù Ramadan, tí ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú lọ́dọọdún, ń dín wákàtí ẹ̀kọ́ kù, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń gba ààwẹ̀. Kò tọ́ láti ní kí ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ fọn fèrè, àsìkò náà sì dára fún kíka àmì orin, fífi àtẹ́wọ́ ka ìlù, àti dída ìwé orin kọ. Àwọn tí wọ́n mọ ìtàn wéré, orin ajísààrì tí Síkírù Àyìndé Barrister sọ di fújì ní ilẹ̀ Yorùbá, yóò mọ̀ pé Ramadan kò sọ àwùjọ di aláìlórin: etí òkun náà pẹ̀lú ní musaharati, onílù tí ń rìn káàkiri òru láti jí àwọn ènìyàn fún sààrì. Síbẹ̀, àwọn òbí kan wà tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò gba ohun èlò orin lọ́wọ́ ọmọ wọn, àwọn mìíràn sì gba ohùn ẹnu àti ìlù nìkan. Olùkọ́ tí ó bá tètè béèrè, tí ó sì fi àyè ọlá sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akéwì tàbí ẹgbẹ́ onílù, kò ní pàdánù ọmọ náà. Bí ọba kan bá wàjà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí Sheikh Zayed, ààrẹ orílẹ̀-èdè náà, papò dà ní oṣù Kọkànlá 2004 àti nígbà tí Sheikh Khalifa tẹ̀ lé e ní oṣù Karùn-ún 2022, orin a dákẹ́ fún ọjọ́ ọ̀fọ̀, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ múra tán láti sún ayẹyẹ síwájú láìkùn.

Ohun tí Èkó ti kọ́ ṣáájú

Ìrírí ilẹ̀ Yorùbá kò jìnnà sí ti Dubai àti Sharjah. Lẹ́yìn tí CMS Grammar School ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1859, orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ilé-ìwé míṣọ́nnárì kan, lẹ́yìn náà ni Boys' Brigade, tí ó dé Èkó ní 1908, kó báǹdì tí ń yan wọ inú ìlú, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin sì ti ibẹ̀ mọ bí a ṣe ń fọn fèrè onídẹ. Thomas King Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó fún nǹkan bí ọdún méjìdínláàádọ́ta, rí i pé ohùn orin àjèjì ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá po, ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá, tí ó jáde ní 1953, sì tẹnu mọ́ ọn pé orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Lára àwọn tí ó kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ni Fẹlá Ṣówándé, tí ó gbé orin Yorùbá wọ inú orin dùùrù àti orin ọ̀pọ̀ olókùn. Ẹ̀kọ́ tí Èkó kọ́ nípasẹ̀ iṣẹ́ yìí ni pé báǹdì tí kò bá gbọ́ ohùn ìlú tí ó wà kò lè di ti ìlú náà.

Ní Dubai àti Sharjah, ohùn ìlú ni maqam, ètò àwọn ọ̀nà orin tí olórin Lárúbáwá ń tọ̀. Nínú àwọn maqam kan, àwọn ohùn wà tí ó bọ́ sí àárín ohùn méjì tí ó sún mọ́ra jù lórí dùùrù, tí ó fi jẹ́ pé dùùrù kò lè fọhùn wọn, tí fèrè onídẹ tí a ń tẹ bọ́tìnì kò sì lè sọ wọn láìtiraka, nígbà tí fíólì, oud, ìyẹn ohun èlò olókùn oníkùn ńlá ti Lárúbáwá, àti trombone, fèrè tí a ń fà síwá sẹ́yìn, lè sọ wọn kedere. Ìjiyàn ńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé ní àpérò orin Lárúbáwá tí wọ́n ṣe ní Cairo ní 1932. Olùkọ́ tuntun kò ní láti yanjú ìjiyàn náà, ṣùgbọ́n kí ó yan orin ìbílẹ̀ tí maqam rẹ̀ bá ohun èlò rẹ̀ mu, kí ó má sì fi ipá tẹ orin náà sórí dùùrù kí àwọn àgbà ìlú tó wá sọ fún un pé ohùn ti ṣì.

Ooru, ohun èlò, àti àwọn ọmọ tí ń lọ

Ooru tí ó lè ju ìwọ̀n 40 Celsius lọ ní ìta àti òtútù ẹ̀rọ amúlétutù nínú ilé jẹ́ ọ̀tá ohun èlò orin. Ohùn fèrè a máa gòkè nígbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá gbóná, ohùn ohun èlò olókùn a sì máa relẹ̀ nítorí pé okùn rẹ̀ ń dẹ̀, nítorí náà báǹdì tí wọ́n bá tún ohùn rẹ̀ ṣe nínú yàrá tútù kò ní wọnú ara wọn mọ́ ní pápá. Ibi tí wọ́n ti máa ṣeré ni kí wọ́n ti tún un ṣe, lẹ́yìn tí ohun èlò bá ti bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dọ́gba. Klarinẹ́ẹ̀tì onígi lè sán nínú ìyípadà yìí, onírọ́bà ni ó yẹ ilé-ìwé. Awọ ìlù, gẹ́gẹ́ bí àwọn àyàn ti mọ̀ tipẹ́, a máa dẹ̀ nínú ọ̀rinrin etí òkun, a sì máa le nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n gbé e láti inú ilé lọ lù lójú ẹsẹ̀. Kò sì yẹ kí ohun èlò kankan sùn nínú ọkọ̀ tí a gbé sí oòrùn.

Ṣùgbọ́n ìṣòro tí ó tóbi ju ooru lọ ni pé àwọn ọmọ kì í pẹ́. Àjèjì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń gbé ní ìlú méjèèjì, iṣẹ́ òbí ni ó so ìdílé mọ́ ibẹ̀, bí iṣẹ́ náà bá sì parí, ọmọ tí ó ń fọn fèrè ìṣáájú lè ti wà nínú ọkọ̀ òfurufú kí sáà ẹ̀kọ́ tó pé. Olùkọ́ pẹ̀lú lè lọ. Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ nahham, ti olórí al-ayyala àti ti olórí ọ̀wọ́ ọmọ ogun ti wúlò jù: kí a fi ọmọ àgbà kan àti olùbẹ̀rẹ̀ kan jókòó sí ìdí ìwé orin kan náà, kí ìpín pàtàkì kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ ó kéré tán ọmọ méjì, kí a kọ orin báǹdì sílẹ̀ ní àmì orin àti ní sólífà, kí ẹni tí ó bá dé láti ìlànà èyíkéyìí lè kà á, kí ìwé kan wà tí ó ń sọ ipò ohun èlò kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe, kí orin orílẹ̀-èdè àti orin ìbílẹ̀ kan ó kéré tán má kúrò nínú ohun tí báǹdì mọ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá dé tàbí tí ó bá lọ.

Láti ìgbà tí Dubai Opera ti ṣí ní 2016, tí Firdaus, ẹgbẹ́ olórin tí obìnrin nìkan wà nínú rẹ̀, sì ti dìde fún ìpàtẹ àgbáyé Expo 2020 lábẹ́ ìtọ́sọ́nà olórin ọmọ Íńdíà, A. R. Rahman, ọmọ tí ó bá kọ́ orin ní ilé-ìwé ti ní ibi gíga tí ó lè wò. Kò sí ọmọ kankan tí yóò dé ibẹ̀ nítorí pé ilé-ìwé ra fèrè olówó ńlá. Ẹni tí yóò gbé e débẹ̀ ni olùkọ́ tí ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni láti kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ẹlòmíràn, olùkọ́ tí ó ń wọn àṣeyọrí rẹ̀ nípa bí báǹdì ti ń dún ní ọdún tí ó tẹ̀ lé ọdún tí òun kúrò níbẹ̀.